Bàálù Amẹ́ríkà, Bàálù Yúróòpù, àti Túsìdeè tí Àbẹ̀kẹ́ Kò Lọ sí Ọsibítù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Sátidé kan, nílé mi ní Mowe níbí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, ẹ bá mi tún un ṣe lọ́kàn yín.

Oṣù méje ti kọjá nígbà náà tí Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ti kú. Láti ìgbà tó ti lọ ni èmi àti Káyọ̀dé, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, kò ti lè jókòó sọ̀rọ̀ kó gùn. A ò jà o. Ó ń pè mí láràárọ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ṣé ẹ ti jẹun?" Mo jí dáadáa. Mo ti jẹun. Ó tán nìyẹn. Fóònù á kú, màá sì jókòó tì í.

Ó wá ku ọjọ́ márùn-ún kó rìnrìn àjò lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́rin. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Ta ló mọ̀ bóyá yóò bá mi nílé nígbà tó bá dé? Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn, kí ọmọ náà má lọ kó tún jẹ́ pé ohun tó wà láàárín wa ṣì wà nílẹ̀ láìsọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, awakọ̀ lọ́rì ni mí. Pákó ni mò ń kó láti Ìfọ̀ lọ sí Èkó, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko. Alhaji Ràímì ló ni pákó, Láṣún ọmọ Ìpókíà ni ọmọ ọkọ̀ mi. Wọ́n ti lọ tán, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Nígbà tí Káyọ̀dé kéré, á jókòó lé mi lẹ́sẹ̀ nínú lọ́rì, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn, á ní òun lòún ń wà á. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, bàálù ló ń wà. Òun ló kọ́ ilé tí mò ń gbé yìí, òun fúnra rẹ̀ ń gbé ní Arepo.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ Túsìdeè náà, kí ìyókù tó lè yé yín.

Àbẹ̀kẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, lọ́jọ́ Túsìdeè, ó máa ń lọ sí ọsibítù kan ní Ibafo, kí nọ́ọ̀sì Adéọtí wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní oògùn oṣù tuntun. Bí Káyọ̀dé kò bá níṣẹ́ lọ́jọ́ náà, á wá gbé ìyá rẹ̀ lọ. Bó bá níṣẹ́, èmi ni mo máa ń bá a wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta Sàká, bàbá ìbejì tó ń gbé wa káàkiri àdúgbò. A ò jókòó pín in rí. Ó kàn máa ń rí bẹ́ẹ̀ ni.

Lóṣù tí mò ń sọ yìí, Káyọ̀dé ti sọ fún wa ní Sọ́ńdè pé òun ò ní fò ní Túsìdeè. Kí lèmi rò? Mo rò pé ó ń bọ̀ nìyẹn. Mo jáde láàárọ̀ kùtù, mo lọ ṣe ìpàdé àwa awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìfọ̀. Káyọ̀dé ní tirẹ̀, ó rò pé bí mo bá fẹ́ kó wá, màá pè é. Mi ò pè é, ó sì gbà pé èmi ni mo mú ìyá rẹ̀ lọ.

Àbẹ̀kẹ́ ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, ó ti fi káàdì ọsibítù sínú báàgì dúdú rẹ̀, ó jókòó sórí àga lójúde. Nígbà tí mo dé ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ibẹ̀ ni mo ṣì bá a. Mo ní Káyọ̀dé dà?

Ó ní, "Bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ má pè é, Bàbá Káyọ̀dé. Oṣù tó ń bọ̀ kò jìnnà." Ó wọlé, ó lọ bọ́ aṣọ.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn náà, ó ṣubú nínú kíṣìnì. A gbé e lọ. Kò padà wálé.

Dókítà ní kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé bó bá lọ ní Túsìdeè yẹn, nǹkan ì bá yí padà. Mo fi etí gbọ́ ọ. Ṣé ọkàn máa ń gbọ́ irú ìyẹn?

Mi ò ní parọ́ fún yín. Nínú ikùn mi, mo di ẹ̀bi náà ru Káyọ̀dé. Mi ò sọ ọ́ jáde. Àmọ́ mo ń rí i lójú òun náà pé ó ní ohun kan tó dì ru èmi, mi ò sì mọ ohun tó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jọ dúró létí sàréè, tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹnìkejì.

Ó wá di Sátidé tí mò ń sọ yìí. Káyọ̀dé wá kí mi lọ́sàn-án, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tóun náà jẹ́ awakọ̀ bàálù dání, Jẹlílì, ọmọ Ìṣẹ́yìn. Jẹlílì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí eruku, pẹ̀lú aṣọ funfun. Mo ní kó dìde kíá, kó má ba aṣọ jẹ́.

"Bàbá, ọṣẹ wà nílé," ló wí, kò sì tètè dìde.

Mo ti se ìrẹsì Ọ̀fàdà dè wọ́n. Èmi fúnra mi ni mo sè é o! Láti ìgbà tí Àbẹ̀kẹ́ ti lọ ni mo ti ń kọ́ ọ, ibi tí wọ́n ti ń ṣa òkúta ni kò tíì mọ́ mi lọ́wọ́. Eyín Jẹlílì dún kà. Ó wò mí, ó ní òun ò jẹ ìrẹsì tó ń dáni lóhùn rí láyé òun. Mo rẹ́rìn-ín. Káyọ̀dé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ wá lọ sórí àga ìyá rẹ̀, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

Jẹlílì ti rí i pé ilé tutù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́, kí ẹnu ṣáà lè máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bí wọ́n ṣe là á yé mi. Ilé-iṣẹ́ ńlá méjì ló ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn bàálù ńláńlá tí èrò ń wọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti Amẹ́ríkà, èkejì jẹ́ ti Yúróòpù. Mi ò ní dárúkọ wọn, wọn ò rán mi níṣẹ́. Ti Amẹ́ríkà ni Káyọ̀dé ti ń wà láti ọdún mọ́kànlá. Ti Yúróòpù ni Jẹlílì ń wà. Ibi iṣẹ́ tuntun tí Káyọ̀dé ń lọ, ti Yúróòpù ni wọ́n ní, ìdí nìyẹn tó fi ní láti lọ kọ́ ọ lókè òkun, bí ẹni tó ń padà sí jẹ́lé-ó-sinmi.

"Bàbá, ẹ bá mi yọ̀," Jẹlílì wí. "Ọmọ yín ń sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, ó ń bọ̀ wá wọ mọ́tò."

"Lọ́rì ta ni?" Káyọ̀dé dá a lóhùn. "Èmi ni mò ń fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú. Ìwọ, igi kékeré kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, bí ọmọ tó ń ṣe géèmù."

"Igi kékeré yẹn ló jẹ́ kí n ní tábìlì níwájú. Bàbá, ẹ bi í bó ṣe ń jẹun lókè. Orí itan ni! Sítíárìn dí i níwájú, ọbẹ̀ ń kán sí i lára. Èmi, màá fa tábìlì mi jáde, màá jẹun bíi mínísítà."

Mo bi Káyọ̀dé bóyá òótọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni, pé ṣòkòtò mẹ́ta ló lè jẹ́rìí sí i.

Ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mọ́ mi. Bí àwa náà ṣe máa ń ṣe ní gáréèjì Ìfọ̀ nìyẹn: àwọn kan á ní lọ́rì Jámánì ló dáa, àwọn kan á ní ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Láṣún lè má jẹun nítorí iyàn yẹn. Mo wá bi wọ́n bí awakọ̀ ṣe ń bi awakọ̀. Mo ní nínú méjèèjì, èwo ló ń gbọ́ràn sí èèyàn lẹ́nu jù?

Jẹlílì ní ti Yúróòpù kì í jẹ́ kí awakọ̀ ṣe àṣejù. Bó bá fẹ́ gbé imú rẹ̀ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kò ní gbà. Káyọ̀dé ní ohun tó ń bí òun nínú sí i gan-an nìyẹn. Ó ní ti Amẹ́ríkà á bá èèyàn jiyàn, á le mọ́ ọn lọ́wọ́, sítíárìn á tún máa gbọ̀n pìrìpìrì láti kìlọ̀ fún un, àmọ́ bó bá ní dandan, ọkọ̀ á gbà pé òun lọ̀gá. Ó tún ní nínú ti Amẹ́ríkà, bí kọ̀ǹpútà bá ń fi kún agbára ẹ́ńjìnnì tàbí ó ń dín in kù, irin tí wọ́n fi ń ṣe é á máa rìn fúnra rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ awakọ̀. Ti Yúróòpù, irin náà á dúró sójú kan, inú lọ́hùn-ún ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

"Ọkọ̀ tí kì í sọ ohun tó ń ṣe fúnni," ni Káyọ̀dé pè é.

"Ó ń sọ ọ́. Ó ń kọ ọ́ síwájú rẹ. Ìwọ ni o ò tíì mọ̀ ọ́n kà."

Mo wá bi wọ́n léèrè ohun tí mi ò mọ̀ rárá. Mo ní nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin méjì lẹ máa ń jókòó síwájú, ta ló ń wà á gan-an?

Jẹlílì tọrọ gáfárà, ó wọ kíṣìnì, ó mú ọmọrogùn méjì jáde, ńlá kan, kékeré kan. Ti Àbẹ̀kẹ́ ni. Jẹlílì ní kí èmi àti Káyọ̀dé jókòó ti ara wa. A ò jókòó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó fún mi ní ńlá, ó fún Káyọ̀dé ní kékeré, ó wá gbé pákó pẹlẹbẹ kan dábùú wọn, ó fi okùn dì í mọ́ méjèèjì.

"Ti Amẹ́ríkà rèé. Bàbá, ẹ wà á."

Mo tì í sọ́tùn-ún, ọwọ́ Káyọ̀dé náà lọ sọ́tùn-ún. Ó fà á padà, ọwọ́ tèmi náà padà. Mò ń mọ agbára rẹ̀ láti ara igi. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n lórí sítíárìn.

Jẹlílì tú okùn, ó gbé pákó kúrò. "Ti Yúróòpù rèé. Ẹ dijú." Mo dijú, mo ti tèmi sọ́tùn-ún. Nígbà tí mo lajú, Káyọ̀dé ti ti tirẹ̀ sósì pátápátá. Mi ò mọ̀. Òun náà ò mọ̀.

Jẹlílì ní bó ṣe rí nìyẹn, pé igi méjèèjì kò mọ ara wọn. Bí awakọ̀ méjèèjì bá jọ ń tì í, ẹ̀rọ á ro tiwọn pọ̀, á sì pariwo pé ẹ̀yin méjì lẹ ń wà á o. Nítorí náà, ẹnu ni wọ́n fi ń gbé e fún ara wọn. Ẹni tó fẹ́ fi sílẹ̀ á sọ pé, "Ó di ọwọ́ rẹ." Ẹnìkejì kò gbọdọ̀ mi orí lásán. Ó gbọ́dọ̀ fèsì pé, "Ó ti dé ọwọ́ mi." Títí tó fi máa fèsì, ẹni àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀.

Káyọ̀dé ní àwọn náà ń sọ ọ́ nínú ti Amẹ́ríkà, pé òfin gbogbo awakọ̀ bàálù ni.

"Mo gbà," Jẹlílì ní. "Àmọ́ nínú tiyín, bí ẹ bá gbàgbé, ọwọ́ á sọ fún ọwọ́. Nínú tiwa, bí ẹ bá gbàgbé, ta ló máa sọ fún yín? Bàbá, kí èèyàn méjì jọ máa wà á kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kó má sẹ́ni tó ń wà á ni."

Ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń kọ́ wọn, yàrá bíi ti inú bàálù gan-an, àmọ́ kì í kúrò nílẹ̀. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀, obìnrin ará Kẹ́ńyà kan tó ń jẹ́ Wanjiru, jọ ń wo ìwé kan. Òun rò pé ọwọ́ Wanjiru ni bàálù wà. Wanjiru rò pé ọwọ́ Jẹlílì ló wà. Bàálù sì ń rọra lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kò mì, kò dún. Olùkọ́ jókòó lẹ́yìn wọn, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò wọ́n. Nígbà tó pẹ́, ó bi wọ́n pé ta ló ń wa ọkọ̀ yìí. Àwọn méjèèjì sì na ìka sí ara wọn.

Jẹlílì rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in.

Káyọ̀dé gbé ọmọrogùn lé itan, ó ń wò ó. Èmi náà ń wo tèmi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo fi bá Àbẹ̀kẹ́ gbé, bí mo bá na ọwọ́ lásán, ó ti mọ̀ bóyá omi ni mò ń wá tàbí bàtà. Mo rò pé bí gbogbo ilé ṣe rí nìyẹn. Ẹnu mi wúwo lọ́jọ́ yẹn bí irin. Àmọ́ mo rántí pé Tọ́sìdeè tó ń bọ̀ ni ọmọ mi ń lọ sókè òkun.

Mo ní, "Káyọ̀dé. Túsìdeè tí ìyá rẹ kò lọ. Ọwọ́ rẹ ni mo rò pé ó wà."

Ó gbójú sókè. "Bàbá, ọwọ́ yín lèmi rò pé ó wà."

Jẹlílì dìde, ó ní òun ń lọ wo táyà mọ́tò. Táyà tí kò ṣe nǹkan kan. Kí Ọlọ́run bù kún ọmọ náà.

Káyọ̀dé wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Ó ní ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè yẹn, òun pe ìyá òun, òun bi wọ́n pé báwo ni ọsibítù. Àbẹ̀kẹ́ ní, "Gbogbo ẹ̀ lọ dáadáa. Bàbá rẹ ló bá mi lọ." Kó tó di ọjọ́ ìsìnkú, nígbà tí Káyọ̀dé ń kó ẹrù ìyá rẹ̀, ó rí káàdì nínú báàgì dúdú. Nọ́ọ̀sì Adéọtí kò kọ nǹkan kan síbẹ̀ fún oṣù yẹn. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ mi ti ń rò pé èmi ni mo ní kí ìyá rẹ̀ pa irọ́ yẹn, kí òun má baà mọ̀ pé ìpàdé Ìfọ̀ ni mo gbé lọ́wọ́.

Mo ní, "Rárá o, ọmọ mi. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé o pè é. Ìyá rẹ ló ní kí n má pè ọ́, pé bóyá ó rẹ̀ ọ́."

Ó yé àwa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àbẹ̀kẹ́ bò mí lójú ọmọ mi, ó sì bo ọmọ mi lójú mi. Ó jókòó sórí àga láti àárọ̀ dé aago mẹ́ta, láìjẹun, nítorí wọ́n ti ní kó má jẹun kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, bí àwa méjèèjì kò ṣe ní bínú sí ara wa ló ń rò.

"Kí ló dé tí wọn ò pè mí?" Káyọ̀dé ní. "Mo wà nílé. Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò, Bàbá. Bọ́ọ̀lù lásán."

Ó sunkún. Èmi náà sunkún. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ gan-an, láìsí igi láàárín. Mo ní èmi ni mo jáde nílé láìbi í pé ta ló ń mú ọ lọ, èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Ó ní rárá, òun ni. A wá ń du ẹ̀bi náà mọ́ ara wa lọ́wọ́, títí mo fi ní kí a dákẹ́, pé bí ìyá rẹ̀ bá gbọ́ wa, á ní a tún ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó pẹ́, Jẹlílì yọjú. Ó ní, "Bàbá, táyà dáa." Mo ní mo mọ̀. Mo bu ìrẹsì sí i fún un. Ó jẹ ẹ́ tòun ti òkúta.

Ó ku ohun kan tí mo fi pa mọ́. Èmi náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mi ò sì tíì padà sí ọsibítù láti ìgbà tí Àbẹ̀kẹ́ ti lọ. Mo sọ ọ́ fún Káyọ̀dé lọ́jọ́ náà. Kò bá mi jà. Nígbà tó ku ọ̀la kó lọ, ó wá bá mi, a jọ lọ bá Sàká níbi tó ń gbé kẹ̀kẹ́ sí.

Káyọ̀dé ní, "Ẹ̀gbọ́n Sàká, Túsìdeè àkọ́kọ́ lóṣooṣù, Bàbá ń lọ sí ọsibítù. Ó di ọwọ́ yín."

Sàká mi orí.

"Ẹ fẹnu sọ ọ́."

Sàká wò ó bíi pé orí rẹ̀ ti dà rú. "Ṣé mi ò ti gbọ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣáà sọ ọ́."

"Ó ti dé ọwọ́ mi," Sàká wí, ó wá kọjú sí mi. "Bàbá, ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn níbẹ̀ nìyí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Káyọ̀dé ti lọ báyìí. Ó ń pè mí bó ṣe ń pè mí tẹ́lẹ̀, àmọ́ fóònù ń gbóná létí mi báyìí kó tó kú. Ó ń sọ bí igi kékeré yẹn ṣe ń ṣe é lọ́wọ́, bí ọ̀gá wọn ṣe ń bá a wí. Èmi náà ń sọ ohun tí mo sè àti ibi tó ti jóná fún un. Níjọ́sí, mo bi í pé nígbà tó ti mọ méjèèjì, èwo ló dáa jù, ti Amẹ́ríkà tàbí ti Yúróòpù?

Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ti Amẹ́ríkà ni mo ṣì fẹ́ràn. Inú mi ń dùn kí n máa mọ ọwọ́ ẹnìkejì. Àmọ́ èyí ti ń jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀."

Ohun tí mo rí kọ́ kò ju ìyẹn lọ. Nínú ilé, a máa ń rò pé ọwọ́ ti mọ ọwọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àmọ́ ọjọ́ kan wà tí okùn á ti tú, tí kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ má mi orí fún ara yín lórí ohun tó ṣe pàtàkì. Ẹ fẹnu sọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí onítọ̀hún sì fẹnu gbà á.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé yín rí, tí gbogbo yín rò pé ẹlòmíràn ló ń ṣe é? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi, mo ń ka gbogbo ẹ̀, mo kàn ń pẹ́ kí n tó fèsì ni. Àmọ́ bí àgbà kan bá wà nílé yín lónìí tó ti múra, tó jókòó, tí kò sọ nǹkan kan, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ná. Ẹ lọ bi í pé ta ló ń mú un lọ.